Ta ló gbé àṣẹ lé Kíláàkì ilé aṣòfin lọ́wọ́?

Ọmọ_Ìsàlẹ̀Ọjà:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jiyàn lánàá débi pé ọbẹ̀ tutù níwájú wa. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ 9 oṣù kẹfà 2015 ló fà á, ọjọ́ tí Bukola Saraki di ààrẹ Sẹ́nétì nígbà tí àwọn sẹ́nétọ̀ APC 51 ṣì wà ní International Conference Centre, tí wọ́n ń dúró de Buhari. Ẹ̀gbọ́n ní Kíláàkì ló fà gbogbo ẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba tí ẹnikẹ́ni ò dìbò fún, òun ló ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Mo ní irọ́ ni, àmọ́ nígbà tó bi mí pé kí wá ni iṣẹ́ Kíláàkì gan-an, ẹnu mi wọhò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ ìtàn ipò yẹn kó là mí lọ́yẹ̀.

Lọ́yà_Àbẹ̀kẹ́:
Ẹ̀gbọ́n yín ò purọ́, kò kàn sọ ọ́ tán ni. Ẹ ro ó wò ná, lọ́jọ́ tí ilé tuntun bá kọ́kọ́ jókòó, kò sí ààrẹ Sẹ́nétì, kò sí abẹnugan, àwọn aṣòfin fúnra wọn ò tíì búra, ta ló máa wá pè wọ́n jókòó? Kíláàkì ni. Section 51 nínú ìwé òfin 1999 ló dá ipò ẹ̀ sílẹ̀. Òun ló máa ka ìwé tí ààrẹ orílẹ̀-èdè fi ṣí ilé, òun ló máa gba orúkọ àwọn tó fẹ́ dupò, òun ló máa darí ìbò, ẹni tó bá sì wọlé, iwájú ẹ̀ náà ló ti máa búra kó tó gorí àga. Tí ìyẹn bá ti jókòó báyìí, Kíláàkì padà sídìí tábìlì ẹ̀ nìyẹn.

Ti 2015 yẹn, ìdá kan nínú mẹ́ta ni section 54 sọ pé ó tó láti jókòó. Sẹ́nétọ̀ 109 la ní, 37 ti tó, 57 ló sì wà níbẹ̀. Lójú tèmi o, tó bá ní òun ń dúró de àwọn tó kù, ìgbà yẹn gan-an ni ì bá ti gba agbára tí kì í ṣe tiẹ̀.

Bàbá_Gàsẹ́ẹ̀tì:
Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi, o ṣeun. Ìlú Òyìnbó ni ipò yẹn ti ṣẹ̀ wá, láti 1363 ni ọba Gẹ̀ẹ́sì ti yan Robert de Melton pé kó máa bá àwọn ará Commons, ìyẹn ilé aṣòfin kékeré wọn, kọ̀wé, akọ̀wé lásán ni nígbà náà. Nígbà tí àwa gba òmìnira, orúkọ tí wọ́n ń pè é níbí ni Clerk of the Parliaments, mo ṣì ní àwọn gàsẹ́ẹ̀tì àtijọ́, ìwé tí ìjọba fi ń tẹ òfin jáde, tí bàbá mi kó jọ, ẹ óò rí orúkọ B. Ade Manuwa nísàlẹ̀ àwọn òfin, tó ń jẹ́rìí pé òun fúnra òun fi ìwé tí wọ́n tẹ̀ wé èyí tí ilé fọwọ́ sí, pé wọn ò yàtọ̀ síra. Iṣẹ́ tí mo kà sí pàtàkì jù nìyẹn o, torí tí ẹni tó ń fi wé yẹn bá yẹ kọ́mà kan sọ́tùn-ún, òfin ti yí padà. Ológun wá dé ní 1966, wọ́n ti ilé pa, dìkíríì, òfin tí àwọn ológun ń gbé kalẹ̀ fúnra wọn, la fi ń ṣèjọba, ilé ṣí ní 1979, wọ́n tún tì í ní ìparí 1983. Nígbà tí iṣẹ́ bá ń já lójú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, báwo ni ọ̀dọ́ ṣe fẹ́ kọ́ ọ lọ́wọ́ àgbà?

Túndé_Gbàgede:
Ẹ má gbàgbé o, Kíláàkì 2015 yẹn, Salisu Maikasuwa, wọ́n gbé òun, Saraki àti Ekweremadu tó jẹ́ igbákejì Saraki lọ sí kóòtù ní 2016 lórí ẹ̀sùn pé wọ́n yí ìwé ìlànà Sẹ́nétì, ìjọba fúnra ẹ̀ ló padà fa ẹjọ́ ọ̀hún sẹ́yìn lọ́dún yẹn kan náà. Ní 2020 ńkọ́? Ìjà lórí ọdún tó yẹ kí òṣìṣẹ́ fẹ̀yìn tì, 60 àbí 65, bẹ́ẹ̀ ni National Assembly Service Commission, àjọ tó ń gba òṣìṣẹ́ ilé aṣòfin, ṣe ní kí Sani-Omolori tó jẹ́ Kíláàkì nígbà náà máa lọ ilé, tí wọ́n fi Ojo Olatunde Amos dípò ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé ẹni tó ń yan Kíláàkì ló yẹ ká máa ṣọ́. Ní 2023, Tambawal tó jẹ́ Kíláàkì nígbà náà ló darí ìbò ààrẹ Sẹ́nétì, Akpabio 63, Yari 46, wọ́n kà á lójú gbogbo wa.

Ọmọ_Ìsàlẹ̀Ọjà:
Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti ka ti 37 yẹn fún ẹ̀gbọ́n, ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní kí bàbá jọ̀ọ́ ya fọ́tò gàsẹ́ẹ̀tì Manuwa yẹn fún òun.

Bàbá_Gàsẹ́ẹ̀tì:
Ó wà nínú àpótí lókè àjà. Tí ọmọ mi bá ti ibi iṣẹ́ dé, màá ní kó bá mi gbé e sọ̀kalẹ̀.