Aromatase: ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe "atasánsán"

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti rí gbogbo àbá tí ẹ mú wá lórí orúkọ Yorùbá tí a máa fún aromatase, ẹ́ńsáìmù (ìyẹn nǹkan inú ara tó máa ń sọ nǹkan kan di òmíràn) tó ń ṣe ẹ́sítírójìnì, họ́mọ́ònù obìnrin, nínú jẹjẹrẹ ọmú, mo sì fẹ́ bá ẹ̀gbọ́n wa tó ní ká pè é ní "atasánsán" jà díẹ̀, kí wọ́n má bínú.

Ẹ̀gbọ́n, kò sí òórùn níbẹ̀ rárá. Àwọn oníkẹ́mísírì ayé ijọ́un ló rí i pé àwọn nǹkan kan tó ní òrùka kábọ̀nù mẹ́fà nínú máa ń ta sánsán, ni wọ́n bá fi òórùn sọ gbogbo ẹbí náà lórúkọ, títí kan àwọn tí kò rùn rárá. Ohun tí aromatase ń ṣe ni pé ó máa mú họ́mọ́ònù bíi testosterone, tí wọ́n ń pè ní họ́mọ́ònù ọkùnrin, ó máa yọ kábọ̀nù kan kúrò lára ẹ̀, á wá sọ òrùka kan nínú ẹ̀ di irú òrùka yẹn, ó ti di ẹ́sítírójìnì nìyẹn. Tó bá jẹ́ orísun ọ̀rọ̀ la fẹ́ máa tú, ẹ́sítírójìnì fúnra ẹ̀ ńkọ́? Ara orúkọ tí àwọn Gíríìkì ń pe eṣinṣin tó máa ń ta màlúù títí á fi máa sá kiri bíi wèrè ni wọ́n ti fà á yọ, ṣé a wá máa sọ fún aláìsàn pé eṣinṣin ló wà lọ́mú ẹ̀ ni?

Mi ò ṣàwàdà o. Àǹtí mi kan tó ń lo letrozole, oògùn jẹjẹrẹ ọmú tó ń dá aromatase dúró, ẹnì kan ló sọ fún wọn pé oògùn tó ń dènà "olóòórùn dídùn" ni, bí wọ́n ṣe kó gbogbo páfúùmù wọn fún àwọn ọmọ nìyẹn, kódà wọn ò fi ọṣẹ olóòórùn wẹ̀ mọ́.

"Asakọdabo" tí àǹtí nọ́ọ̀sì wa dá lábàá dùn lẹ́nu, iṣẹ́ ẹ̀ ló sì sọ, àmọ́ tí ará Ìbàdàn bá pè é, a ò ní mọ̀ bóyá "aṣakọ" ni wọ́n ń wí, àti pé obìnrin náà ní testosterone lára, ọkùnrin náà ní aromatase. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé wọ́n fẹ́ dá asakọdabo ara ẹ̀ dúró á máa retí irùngbọ̀n.

Ní ti "ìwúkàrà" fún ẹ́ńsáìmù, òótọ́ ni pé nígbà tí Kühne, ará Jámánì, dá ọ̀rọ̀ yẹn lọ́dún 1877, "nínú ìwúkàrà" ló fi Gíríìkì sọ, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì ti gba ìyẹn lọ́wọ́ wa, àwọn Farisí lèèyàn máa kọ́kọ́ rántí. Ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ ẹ́ńsáìmù.

Èmi fara mọ́ "alásè" fún aromatase, torí òun ló ń se ẹ́sítírójìnì. Obìnrin tó ṣì ń ṣe nǹkan oṣù, ilé ẹyin ló ń se èyí tó pọ̀ jù, ìyẹn ló fi ṣiṣẹ́ nígbà tí dókítà Beatson yọ ilé ẹyin obìnrin tó ní jẹjẹrẹ ọmú ní Scotland, tó sì kọ nípa ẹ̀ lọ́dún 1896. Tí nǹkan oṣù bá ti dáwọ́ dúró, iná ibẹ̀ á kú, àmọ́ ọ̀rá ara ò ṣíwọ́, inú ọmú níbi tí kókó jẹjẹrẹ náà wà gan-an wọ́n ń dáná, ìdí nìyẹn tí ẹ́sítírójìnì inú kókó fi lè pọ̀ ju ti inú ẹ̀jẹ̀ lọ fíìfíì. Letrozole, anastrozole, exemestane á wá máa jẹ́ oògùn apaná, ta ni ò mọ panápaná? Tamoxifen, oògùn jẹjẹrẹ ọmú mìíràn, ò sí lára wọn o, kì í paná, oúnjẹ á jinná, àmọ́ abọ́ tí wọ́n fẹ́ bù ú sí, ìyẹn ibi tí ẹ́sítírójìnì máa ń so mọ́ lára kókó, ló ti lọ jókòó sí.

Èyí tó ń dà mí láàmú ni sulfatase, ẹ́ńsáìmù mìíràn. Ìyẹn kì í se nǹkan kan, ẹ́sítírójìnì tí ara ti dì pa mọ́ ló ń tú sílẹ̀ fún kókó. Mo rò ó sí "atúdì", nítorí ìdì tó ń tú, ṣùgbọ́n tẹ́nì kan bá ṣi ohùn ẹ̀ pè níwájú ìyá àgbà, ẹ mọ ohun tó máa dà. Ẹni tó bá ní òmíràn kó mú un wá.