Ṣé ó tọ́ kí yunifásítì fi máàkì tó kéré gba ọmọ tálákà?

Àbẹ̀kẹ́: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Èmi àti àbúrò mi jiyàn lánàá títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó ní ìdánwò kan náà ni gbogbo wọn ṣe, ẹni tí máàkì ẹ̀ bá ga jù ni kó wọlé, ó parí. Mo ní kò tíì parí. Ọmọ tí tíṣà ń wá kọ́ nílé, tí bàbá àti màmá ẹ̀ lọ yunifásítì, àti ọmọ tí ilé ìwé ẹ̀ ò ní tíṣà físíìsì tó sì tún ń lọ ṣiṣẹ́ tí wọ́n bá ti jáde, tí àwọn méjèèjì bá gba 70, ṣé 70 kan náà nìyẹn? Àmọ́ mi ò mọ bí wọ́n ṣe máa ṣe é tí kò ní di ojúsàájú. Ẹ bá mi dá sí i.

Tíṣà_Máàsì: Àwọn kan ti ń ṣe é. Brazil ṣòfin ní 2012 pé ìdajì àyè ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀ jẹ́ ti àwọn tó ka sẹ́kọ́ńdìrì ní ilé ìwé ìjọba. Ti Texas ní Amẹ́ríkà ló wù mí jù, òfin 1997 ni, ẹni tó bá wà nínú 10% tó mókè ní kíláàsì ẹ̀, yunifásítì ìjọba gbọ́dọ̀ gbà á, ì báà jẹ́ ilé ìwé olówó tàbí ti mẹ̀kúnnù. Àwọn tí wọ́n jọ jókòó sí kíláàsì kan náà ni wọ́n fi ń wé ọmọ. (Èrò pọ̀ jù ní Yunifásítì Texas tó wà ní Austin, wọ́n ti dín 10% tiwọn kù.)

Gbénró: Ẹ̀gbọ́n Tíṣà, ẹ ṣé, àmọ́ máàkì nìkan kọ́ o. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó mọ̀wé ò tiẹ̀ gba fọ́ọ̀mù, wọ́n ti rò pé ibẹ̀ kì í ṣe tàwọn. Yunifásítì Michigan kọ lẹ́tà sí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ pé tí wọ́n bá gbà yín, ọdún 4 lẹ máa kà láìsan owó ilé ìwé. Iye tó gba fọ́ọ̀mù ju ìlọ́po méjì lọ, ibi tó wá pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ì bá rí ìrànwọ́ owó yẹn gbà tẹ́lẹ̀, ẹni tó máa sọ fún wọn gbangba ni ò sí!

Ọmọ_Ẹ̀yìn: Wọ́n dín máàkì kù fún èmi náà, mi ò sì tijú ẹ̀. Àmọ́ ọdún kìíní fẹ́ẹ̀ lé mi sílé, ìṣirò tí àwọn yòókù ti kà tán ní sẹ́kọ́ńdìrì, ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí i. Kò sí kíláàsì àfikún, kò sẹ́ni tó bi mí bóyá ó yé mi. Sẹ́níọ̀ kan ló ń jókòó tì mí lálaalẹ́. Tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn, kí wọ́n má kàn fi wá sílẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà.

Àbẹ̀kẹ́: Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti ka ti Texas fún àbúrò mi, ó ní ó dáa, àmọ́ ẹni tó ṣe ipò 11 nínú 100 ńkọ́? Mo ní kó wá bi yín fúnra ẹ̀.