“Àwòrán afọhùn” ni kí á pè é

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ.

Àbá méjì ló wà nílẹ̀ báyìí. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń kó ìwé atúmọ̀ iṣẹ́ ọnà jọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ béèrè ohun tí a ó máa pe irú àwòrán ènìyàn tí àwọn ayàwòrán Ṣáínà òde òní fi di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká: èyí tí kì í ṣe pé ó kàn jọ ẹni tí wọ́n yà, àmọ́ tí ọ̀dà, àwọ̀ àti ìrìn búrọ́ọ̀ṣì inú rẹ̀ ń sọ nǹkan. Ẹ̀gbọ́n fúnra wọn dábàá “àwòrán afìmọ̀lárahàn”. Ẹlòmíràn ní “àwòrán ojú” ti tó, nítorí pé ojú lọ̀rọ̀ wà. N kò fara mọ́ èkínní, èkejì náà kò sì tẹ́ mi lọ́rùn. Àwọn àwòrán náà gan-an ni mo fẹ́ fi ṣe ẹ̀rí.

Ẹ wo iṣẹ́ Zhang Xiaogang, tí wọ́n bí ní Kunming lọ́dún 1958. Láàárín ọdún 1990 sí 1999 ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀wọ́ àwòrán kan tí a lè pè ní Okùn Ẹ̀jẹ̀: Ìdílé Ńlá. Fọ́tò ìdílé àtijọ́ ló ń wò kùn ún: bàbá, ìyá àti ọmọ jókòó ti ara wọn, aṣọ wọn bára mu, àwọ̀ eérú bo gbogbo rẹ̀. Ẹ wo ojú ìyá. Kò rẹ́rìn-ín, kò sunkún, kò bínú. Ẹ sún mọ́ ọn, ẹ ó rí ìlà pupa tín-ín-rín kan tó ti ara ẹnì kan bọ́ sí ara ẹnì kejì, ẹ ó sì rí àbàwọ́n ìmọ́lẹ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́, bí ẹni pé fọ́tò náà ti ṣá níbẹ̀. Ìmọ̀lára wo ló hàn? Ìran tó la Ìyípadà Àṣà ọdún 1966 sí 1976 já, rògbòdìyàn ìṣèlú tí Mao Zedong, olórí Ṣáínà, dá sílẹ̀, ni àwọn wọ̀nyí. Lásìkò náà, ohun tí èèyàn bá jẹ́ kó hàn lójú òun lè kó gbogbo ilé rẹ̀ sí wàhálà. Pípa tí wọ́n panu mọ́ ni àwòrán náà fi ń sọ̀rọ̀. Tí a bá kọ “afìmọ̀lárahàn” sínú ìwé, akẹ́kọ̀ọ́ yóò wá omijé tì, yóò sì sọ pé Zhang kò sí lára wọn.

Yue Minjun wá ńkọ́? Ojú ara rẹ̀ ló ń kùn léraléra, ojú dí, ẹnu là gbàgà, eyín funfun kún un. Bí a bá tẹ̀ lé àbá ẹ̀gbọ́n, ayọ̀ la ó kọ sílẹ̀. Ayọ̀ kọ́ rárá. Lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ Tiananmen ti 1989, nígbà tí àwọn ọmọ ogun yìnbọn fún àwọn olùfẹ̀hónúhàn ní Beijing, ni irú ẹ̀rín yìí gbòde láàárín àwọn ayàwòrán Beijing, tí alárìíwísí Li Xianting sì fún ìṣọ̀wọ́ wọn lórúkọ tó fi hàn pé ọkàn wọn ti kúrò nínú ìlérí ńláńlá. Ọ̀rọ̀ tó bá ti kọjá ẹkún, ẹ̀rín là ń fi rín. Yorùbá tó bá mọ òwe yìí kò ní ṣi àwòrán náà kà.

Ní ti “àwòrán ojú”, Zeng Fanzhi ló ba àbá yẹn jẹ́ fún mi. Wuhan ni wọ́n bí i lọ́dún 1964. Ó kó lọ sí Beijing ní 1993, ó sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀wọ́ Ìbòjú rẹ̀ ní 1994. Àwọn tó ń kùn wọ kóòtù àti táì, ìbòjú funfun lẹ̀ mọ́ ojú wọn débi pé ẹ kò ní mọ ibi tí awọ ara ti bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ wọn ni kí ẹ wò: ó tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, ó pupa bí ẹran tútù, oríkèé ìka yọ gọngọ. Ojú ń purọ́, ọwọ́ ń tú àṣírí. Nínú Oúnjẹ Alẹ́ Ìkẹyìn tó kùn ní 2001, ó gbé àwọn ọmọdé oníbòjú tó so síkáàfù pupa ti ẹgbẹ́ ọmọdé Kọ́múníìsì mọ́rùn sí ipò àwọn ọmọ ẹ̀yìn Jésù. Ẹni tó wà ní ipò Júdásì nìkan ló so táì aláwọ̀ wúrà, bí ẹni tó ti yà sọ́nà owó. Táì ló sọ gbogbo ìtàn yẹn. Ibo wá ni “ojú” wà nínú èyí?

Mo gbà pé Bàbá, tí Luo Zhongli kùn ní 1980, fẹ́rẹ̀ẹ́ gbe ẹ̀gbọ́n lẹ́sẹ̀. Ojú àgbẹ̀ kan ni, ó ga ju mítà méjì lọ, ìwọ̀n tí wọ́n máa ń fi ya Mao Zedong tẹ́lẹ̀. Hunjọ, òógùn, àwo omi lọ́wọ́. Ìyà hàn kedere. Àmọ́ bírò kan wà létí rẹ̀! Wọ́n ní kí Luo fi sí i ni, kó lè dà bí àgbẹ̀ ayé tuntun tó mọ̀wé. Ohùn méjì ló ń jáde nínú àwòrán kan ṣoṣo: ti ayàwòrán àti ti ìjọba.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń dábàá “àwòrán afọhùn”. Ẹni tí a yà lè dákẹ́, ó lè bojú, ó lè rẹ́rìn-ín ẹ̀tàn; àwòrán ló ń fọhùn. Ọ̀rọ̀ yìí gba Yan Pei-Ming náà, ọmọ Shanghai tó ń gbé ní Dijon nílẹ̀ Faransé, tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì fífẹ̀ kùn ojú bàbá rẹ̀: tí ẹ bá dúró tì í, ọ̀dà tó ń ṣàn nìkan lẹ ó rí, ẹ sún sẹ́yìn, bàbá yóò yọ.

Ẹnì kan ti béèrè bóyá a kò ní rò pé sinimá ni. Rárá. A máa ń ní dùndún ń fọhùn, kò sì sẹ́ni tó ń wá ẹnu lára rẹ̀. Ohun tó yẹ ká ṣọ́ra fún ni “àwòrán ènìyàn afọhùn”, tó lè túmọ̀ sí àwòrán ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Kí “afọhùn” tẹ̀ lé “àwòrán” tààrà: àwòrán afọhùn ti ènìyàn.

Ẹ̀gbọ́n, tí ẹ bá gbà á wọlé, ẹ jọ̀wọ́, ìdílé Zhang Xiaogang ni kí ẹ fi ṣe àpẹẹrẹ àkọ́kọ́ lábẹ́ rẹ̀, kí ti Yue Minjun tẹ̀ lé e.