Àbájáde ìbéèrè mi lórí kámẹ́rà onífíìmù nínú òtútù

Mo béèrè lọ́wọ́ yín ìdí tí kámẹ́rà onífíìmù mi fi ń kú nínú òtútù, tí ìlà funfun tó pẹ̀ka bíi mànàmáná sì ń hàn lára àwòrán. Ọ̀rọ̀ náà ti yanjú. Òtútù ló sọ bátìrì di aláìlágbára. Èyí tí mo ti mú móoru nínú àpò ẹ̀wù ni mo fi rọ́pò rẹ̀. Iná wínníwínní tó ń ṣẹ́ lára fíìmù nínú afẹ́fẹ́ gbígbẹ, bí mo bá yára yí i, ló fa àwọn ìlà náà, nítorí náà mo ti ń rọra yí i. Ẹ ṣeun gan-an, pàápàá ẹni tó ní kí n di kámẹ́rà sínú ọ̀rá kí n tó wọlé, títí yóò fi móoru, kí omi má baà sẹ̀ sórí awò rẹ̀.