"Olùtọ́jú aláìsàn" kọ́ ni nọ́ọ̀sì fáktọ́rì

Ẹ kú ìjíròrò o, ẹ̀yin ará.

Níbi tá a ti ń wá orúkọ Yorùbá fún nọ́ọ̀sì tó ń mójú tó ìlera àwọn òṣìṣẹ́ ní fáktọ́rì ("occupational health nurse"), ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá pé ká máa pè é ní "olùtọ́jú aláìsàn ilé-iṣẹ́". Ẹ má bínú sà, "aláìsàn" yẹn ni mi ò lè gbà.

Mo ṣiṣẹ́ rí nílé ìtẹ̀wé kan n'Íkẹjà. Lọ́jọ́ kan, nọ́ọ̀sì ń pè wá wọ yàrá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi nǹkan bò wá létí, ó ní ká máa tẹ bọ́tìnnì tá a bá ti gbọ́ ohùn fíín. Bàbá tó ń dúró ti ẹ̀rọ ńlá yarí: "Ṣé mo sọ fún yín pé ara mi ò yá ni?" Ara wọn yá lóòótọ́. Àmọ́ ohùn tínrín náà dún títí, wọn ò tẹ nǹkan kan. Irú ohùn tínrín bẹ́ẹ̀ ni ariwo ẹ̀rọ kọ́kọ́ ń gbà létí èèyàn; onítọ̀hún á ṣì máa báni tàkúrọ̀sọ, kò ní fura. Nọ́ọ̀sì ò fún wọn lóògùn, torí kò sí oògùn ẹ̀. Ọ̀dọ̀ mánéjà ló lọ: ariwo yìí ti kọjá dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 85 (òun ni wọ́n fi ń wọn ariwo), ẹ ra ohun tí wọ́n á fi dí etí, ẹ sì máa pààrọ̀ ẹni tó ń dúró tì í. Aláìsàn dà níbẹ̀?

Òótọ́ ni pé nígbà tí ilé-iṣẹ́ Colman ní Norwich, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Philippa Flowerday síṣẹ́ lọ́dún 1878, ó máa ń lọ wo àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ṣàìsàn nílé wọn. Tìgbà yẹn nìyẹn.

Ẹlòmíràn tó dábàá "wòṣìṣẹ́-wòṣìṣẹ́" fún nọ́ọ̀sì yìí, tó fi jọ wolé-wolé, pa mí lẹ́rìn-ín. Ìdènà àrùn niṣẹ́ wolé-wolé náà, ará ìlú ló sì sọ wọ́n lórúkọ, kì í ṣe ìgbìmọ̀. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ń bọ̀ ládùúgbò wa, ńṣe ni ìyá àgbà ń sáré da omi àmù nù nítorí tanwíjí. Òṣìṣẹ́ tó bá ń sá fún nọ́ọ̀sì báyẹn ò ní jẹ́wọ́ pé òun ń wúkọ́.

Tèmi ni "nọ́ọ̀sì ìdí iṣẹ́". Nọ́ọ̀sì ti di Yorùbá. "Ibi iṣẹ́" lè ṣófo, ṣùgbọ́n èèyàn ló ń wà nídìí iṣẹ́: alágbẹ̀dẹ nídìí ẹwìrì, ẹni tó ń la pákó pẹ̀lú ìyẹ̀fun igi nímú. (Ẹni tó bá gbé "ìdí" lọ síbòmíràn, ẹjọ́ ara rẹ̀ ni.) Látibẹ̀ la ti máa rí "àrùn ìdí iṣẹ́" náà, ìyẹn àrùn tí iṣẹ́ ń kó bá èèyàn.

Ó ku ohun tí wọ́n fi ń dí etí yẹn. Ta ló lórúkọ fún un?