"Ìfàjá" ni mo fara mọ́, kì í ṣe "ìwúwo okùn"

Ẹ̀yin ará àti ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o.

Lórí àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a ń wá fún ẹja pípa, àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí a máa pe nọ́ńbà (iye pọ́n-ùn) tó wà lára páálí okùn ìwọ̀ ní "ìwúwo okùn": ìwúwo 30, ìwúwo 50, ìwúwo 65. Ẹ̀gbọ́n tó dá a lábàá, ẹ má bínú, mi ò lè fara mọ́ ọn. Ó máa ṣi apẹja lọ́nà, pàápàá ẹni tó ń wá ẹja básì ẹlẹ́nu-ńlá (largemouth bass) nínú koríko omi tó díjú.

Ẹni tó bá gbọ́ "ìwúwo 65" á rò pé ẹja oní-pọ́n-ùn 65 ni wọ́n ṣe é fún. Kò sí básì ẹlẹ́nu-ńlá tó tó bẹ́ẹ̀ láyé. Èyí tó tóbi jù nínú àkọsílẹ̀ ni èyí tí George Perry mú ní Georgia lọ́dún 1932, pọ́n-ùn 22 àti áńsì 4. Lọ́dún 2009, Manabu Kurita mú òmíràn ní adágún Biwa ní Japan, wọ́n sì kà wọ́n sí ọgbọọgba. Kí wá ni wọ́n ń fi okùn 65 ṣe? Koríko ni. Ní adágún Okeechobee ní Florida, ojú oró àti òṣíbàtà bo omi mọ́lẹ̀ láwọn ibì kan, hydrilla, koríko tó ń hù lábẹ́ omi, sì tún gba abẹ́ rẹ̀. Bí básì bá ti gbé ìdẹ mì, ìsàlẹ̀ ló ń forí lé, á lọ́ okùn mọ́ ìdí koríko. Ohun tí ẹ ń fà kì í ṣe ẹja nìkan mọ́, àti ẹja àti ẹrù koríko tútù ni. Okùn tí kò tó á já, ẹja á sì gbé ìwọ̀ lọ lẹ́nu.

Iye pọ́n-ùn tí okùn lè gbà kó tó já nígbà tí wọ́n ń fà á, ohun tí nọ́ńbà yẹn ń sọ nìyẹn. Nítorí náà, "ìfàjá": okùn onífàjá 50, okùn onífàjá 65.

"Okun okùn" tí ẹlòmíràn mú wá dùn létí, àmọ́ ọ̀pọ̀ wa ni kì í fi àmì sí ọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ta ni yóò mọ èyí tó jẹ́ agbára níbẹ̀? "Líle okùn" ni mi ò fẹ́ rárá. Okùn híhun (braid), irú èyí tí à ń sọ yìí, kì í le. Ẹ fà á gba àárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá, ẹ óò mọ̀ ọ́n lára bí fọ́nrán mẹ́rin tàbí mẹ́jọ ṣe gba orí ara wọn kọjá, á máa ha yín lọ́wọ́ díẹ̀. Tí ẹ bá jù ú sílẹ̀, á wọ́ jọ bí òwú ìránṣọ. Yíyi ló yi. "Okùn yìí yi" là ń sọ nílé, kí ó sì wà bẹ́ẹ̀ lẹ́nu wa. "Nínípọn" náà kò bá a mu, torí okùn híhun onífàjá 65 kò fi bẹ́ẹ̀ nípọn ju okùn náílọ́ọ̀nù onífàjá 16 lọ.

Lórí bóyá "okùn híhun" tàbí "okùn dídì" ni ká máa pe braid, híhun ni tèmi. Dídì ń ránni létí omi dídì.

Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ kó wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ náà nìyí: "Bí o bá ń ju ìdẹ àkèré onírọ́bà sórí òṣíbàtà, onífàjá 50 tó; bí o bá fẹ́ fi òjé tó wúwo lu koríko já wọ ìsàlẹ̀, mú onífàjá 65." Àwọn kan ń gun 80, ṣùgbọ́n níbẹ̀, ìwọ̀ lè nà tàbí kí ọ̀pá ṣẹ́ kí okùn tó já. Lójú omi gbangba, 30 ti tó.

Èyí tó kù tí a ò tíì rí orúkọ fún ni koríko àti igi wíwó tí ẹja ń sá sí. "Ibi ìfarapamọ́" gùn jù, "igbó omi" kò sì kan igi. Ẹni tó bá ní ìbátan apẹja ní Ìlàjẹ tàbí Ẹ̀pẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń pè é.