Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o: prósẹ́sọ̀ (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) wo ni kí n rà tí mi ò bá fẹ́ ra graphics card?

Ìyá Ìtẹ̀wé: Ẹ kú iṣẹ́ o gbogbo ilé. Ṣómólú ni mo wà, iṣẹ́ ìtẹ̀wé là ń ṣe, kọ̀ǹpútà tá a fi ń ṣe design ti kú pátápátá. Mo ń to káàdì ìgbéyàwó kan lọ́wọ́ lánàá ló kàn ṣókùnkùn lójú mi, oníbàárà sì jókòó tì mí, ó ń mi ẹsẹ̀. Mo fẹ́ to tuntun, desktop ni o. CorelDRAW àti Photoshop niṣẹ́ tiwa, àmọ́ àbúrò mi tó ń lọ ya òde máa ń wá gé fídíò ìgbéyàwó lórí ẹ̀, ọmọ mi náà á sì fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù EA FC tí mo bá ti pa ṣọ́ọ̀bù dé. Mònítọ̀ wà nílẹ̀, 600k ló wà lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní prósẹ́sọ̀ kan wà tó ní graphics (apá tó ń gbé àwòrán sójú mònítọ̀) nínú, ìyẹn ló wù mí torí ìnfátà la fi ń ṣiṣẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Èwo ni kí n rà?

Ọmọ Mushin: Àǹtí mi, ẹ jẹ́ n tètè sọ tèmi kó má lọ ṣe yín. Lọ́dún tó kọjá mo ra prósẹ́sọ̀ Intel kan, i5-12400F, lọ́jà, owó ẹ̀ fi díẹ̀ wálẹ̀ ju ti èkejì ẹ̀ lọ, inú mi ń dùn pé mo jẹ èrè. Mo délé mo tò ó, fáànù ń yí, iná kíbọ́ọ̀dù tàn, mònítọ̀ ṣókùnkùn biribiri. Mo ní wáyà HDMI ni, mo pààrọ̀ ẹ̀. Mo gbé mònítọ̀ lọ sílé aládùúgbò, ó tàn yìnyìn níbẹ̀. Mo pe ẹni tó tà á fún mi, ó ní kí n yọ ráàmù kí n fi aṣọ nù ún, mo nù ún títí ọwọ́ fi ń ro mí. Ìgbà tí mo tú fáànù tí mo nu pásítì orí prósẹ́sọ̀ kúrò ni mo tó rí F bíńtín yẹn. F ti Intel kò ní graphics nínú rárá, ihò HDMI tó wà lẹ́yìn mọ́dábọ́ọ̀dù wá di ẹ̀ṣọ́ lásán.

Ìyá Ìtẹ̀wé: Haa! Lẹ́tà kan ṣoṣo?

Bọ̀dá Òtigbà: Lẹ́tà kan ṣoṣo ni mà. Nínú Ryzen 5000 ti AMD, G lẹ ó máa wò. Ryzen 5 5600G ní Vega, ìyẹn graphics AMD, nínú, 5600 tí ò ní G ò ní nǹkan kan, 5500 náà bẹ́ẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé ìkan náà ni gbogbo wọn. Èmi á ní kẹ́ ẹ ra 5600G yẹn: core 6, thread 12, 65W, ìnfátà yín á gbé e. Graphics card bíi RTX 3060 nìkan lè fa 170W lórí ìnfátà yín, ẹ ò ì tíì ka kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀ mọ́ ọn o. Fáànù 5600G náà sì wà nínú páálí ẹ̀. Tó bá jẹ́ mọ́dábọ́ọ̀dù B450 tó ti pẹ́ lórí àtẹ ni wọ́n fẹ́ tà fún yín, ẹ ní kí wọ́n bá yín sọ BIOS ẹ̀ (ètò tó ń jí bọ́ọ̀dù) di tuntun kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀, kó lè dá prósẹ́sọ̀ yẹn mọ̀.

Yaba Boy: Ẹ̀gbọ́n, 8600G ti AMD náà ńkọ́? Graphics tiẹ̀ ju Vega lọ fíìfíì, AM5 (ihò prósẹ́sọ̀ tuntun ti AMD) ló ń wọ̀, ẹ lè pààrọ̀ prósẹ́sọ̀ lọ́jọ́ iwájú láì pààrọ̀ bọ́ọ̀dù.

Bọ̀dá Òtigbà: Òótọ́ ni, àmọ́ ráàmù DDR5 nìkan ló ń jẹ, bọ́ọ̀dù ẹ̀ náà wọ́n. 600k kọ́ nìyẹn jàre.

Alhaji Laptop: Gbogbo ariwo yìí! Ẹ lọ ra tòkunbọ̀ kan, kẹ́ ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ.

Ìyá Ìtẹ̀wé: Alhaji, ẹ má bínú, tòkunbọ̀ ló kú lánàá.

Agéfídíò: Ẹ dúró ná, ẹ ò bi màmá nípa fídíò yẹn. Irú kámẹ́rà wo ni àbúrò yín ń lò? Tó bá ń ya H.265 10-bit 4:2:2, irú fídíò tó kún fún àwọ̀ tó sì nira fún kọ̀ǹpútà láti ṣí, Intel ni kẹ́ ẹ bá lọ, i5-12400 tí ò ní F. Quick Sync tó wà nínú graphics ẹ̀ mọ irú fídíò yẹn ṣí, Vega ò mọ̀ ọ́n, ńṣe ni Premiere, àpù tí wọ́n fi ń gé fídíò, á máa wọ́ bí ìgbín. Àmọ́ tó bá jẹ́ géèmù lẹ fẹ́, Vega na UHD 730, graphics inú Intel yẹn, mọ́lẹ̀. Ohun tó bá ń mówó wọlé ni kẹ́ ẹ wò.

Ráàmù tún kù. Graphics inú prósẹ́sọ̀ ò ní ráàmù tiẹ̀, nínú tiyín ló ti ń yá. Torí ẹ̀, ẹ má ra 16GB ẹyọ kan, 8GB méjì ni kẹ́ ẹ rà. Ẹyọ kan yẹn dà bíi dánfó onílẹ̀kùn kan ní Ojúẹlẹ́gbà nírọ̀lẹ́, èrò pọ̀ nílẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń wọlé, kọ̀ńdọ́ sì ń pariwo. Méjì ni BRT tó ṣí ilẹ̀kùn méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Tẹ́ ẹ bá ra Intel yẹn, bọ́ọ̀dù H610 tó ń gba ráàmù DDR4 wà, tó ń gba DDR5 náà wà, ẹ wò ó dáadáa kó bá ráàmù yín mu.

Ìyá Ìtẹ̀wé: Mo bi àbúrò mi, ó ní 4:2:2 náà ni, pé òun tiẹ̀ ti ń fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ nípa bó ṣe máa ń wọ́. Sátidé ni màá lọ.

Ọmọ Mushin: Ẹ ka lẹ́tà o!

Ìyá Ìtẹ̀wé: Ẹ̀yin ará, mo ti dé láti Computer Village. Ọmọ tó ń tajà gbé 12400 wá, mo gba páálí lọ́wọ́ ẹ̀, mo gbé e lọ síta nínú oòrùn, mo wọ awò, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Màámi, ta ló kọ́ yín?" Kò sí F níbẹ̀. Mo rà á, mo ra ráàmù 8GB méjì. Àbúrò mi ti gé òde Ìkòròdú kan lórí ẹ̀ láti àárọ̀, ó ń kọrin. Ọmọ mi ló fajúro pé bọ́ọ̀lù òun ń falẹ̀, mo ní kó gbé bọ́ọ̀lù gidi kó lọ gbá a lójúde.